Qin Shi Huang: ṣé òfin ẹ̀ le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ni?

Ẹ̀yin ará, ẹ dákun ẹ gbà mí. Kíláàsì wa fẹ́ jiyàn bóyá ọba ọlọ́gbọ́n ni Qin Shi Huang tó kó ilẹ̀ Ṣáínà pọ̀ lọ́dún 221 ṣáájú Kristi, èmi ni wọ́n ní kí n gbè é lẹ́yìn. Ó sọ ọ̀nà ìkọ̀wé àti òṣùwọ̀n di ẹyọ kan, títí dé bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà síra tó. Ti ìwé tó ní kí wọ́n jó lọ́dún 213, mi ò lè gbèjà ẹ̀, ìwà burúkú ni.

Ibi tó ti há mi rèé. Sima Qian, òpìtàn tó sin ìjọba Han tó gba ipò ìjọba Qin, kọ ọ́ pé Chen Sheng, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń kó lọ ṣọ́ ààlà, ṣọ̀tẹ̀ lọ́dún 209 torí òjò dá òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dúró lọ́nà, ikú sì ni ìyà ẹni tó bá pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n òfin Qin tí wọ́n kọ sára ọparun, tí wọ́n hú nínú sàréè ní Shuihudi lọ́dún 1975, ní ẹni tó bá fi ọjọ́ 3 sí 5 pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ọba, ìbáwí lásán, 6 sí 10, owó ìtanràn tó tó iye asà ogun kan, tójò bá sì rọ̀, wọ́n á fagi lé iṣẹ́ náà. Asà o, kì í ṣe orí!

Mo ti wá a lórí Google títí, tíṣà wa ní kí n ṣáà máa kàwé.

Ṣé òfin yẹn kan àwọn tí wọ́n ń kó lọ ṣọ́ ààlà bíi ti Chen Sheng, àbí tiwọn yàtọ̀?