Wọ́n ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ ní GP: kí ni kí n múra sílẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Salford
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún kejì mi rèé nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì. Wọ́n ní ilé ìwòsàn GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ni màá ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́ọ̀dù lọkàn mi fẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni màá kàn máa wọ̀n ṣáá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Leeds
Àbúrò mi, o kú oríire. Wákàtí 2,300 tí NMC, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ní ká fi kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ti GP wà nínú ẹ̀.

Ní wọ́ọ̀dù, aláìsàn ń bẹ níwájú rẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní GP, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti dìde lọ sílé. Ohun tó o bá gbàgbé láti bi í ti bá a lọ nìyẹn. Torí náà, ìbéèrè bíbi ni kó o kọ́kọ́ kọ́.

Nígbà tí mo wà nípò rẹ, mo bi ìyá àgbà kan, ará ilé wa ni, bóyá wọ́n ń lo oògùn mìíràn yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní rárá. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ní àgbo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sáwọn láti Abẹ́òkúta ti ń tán lọ. Wọn ò purọ́ o! Lójú tiwọn, àgbo kì í ṣe oògùn. Látọjọ́ náà, ohun tí mò ń béèrè ni: "Kí lẹ máa ń mu láàárọ̀? Kẹ́ ẹ tó sùn ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín láti ilé?" Bó o bá gbọ́ ọ, sọ fún ọ̀gá rẹ lójú ẹsẹ̀, kó wọ inú àkọsílẹ̀. Má bá wọn wí, kí wọ́n má bàa fi pa mọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Ìfúnpá wíwọ̀n tó ò ń sọ yẹn, iṣẹ́ ńlá ni. Bó bá dé 140/90 ní GP, a ṣì ní láti mọ bó ṣe rí nílé kí dókítà tó pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwọ lo máa kọ́ aláìsàn: kó jókòó jẹ́ẹ́, kó gbé apá lé tábìlì, kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, ó kéré tán fún ọjọ́ mẹ́rin. Ti ọjọ́ kìíní, a kì í kà á mọ́ ọn.

Bọ̀dá Peckham
Ẹ ṣé, Àǹtí. Àbúrò, bí àwọn ará GP bá mọ̀ pé o gbọ́ Yorùbá, wọ́n lè ní kó o máa ṣe ògbufọ̀. Kí aláìsàn dáadáa, kára tù ú. Ṣùgbọ́n tó bá kan àìsàn tàbí ìtọ́jú, ní kí wọ́n pe ògbufọ̀ gidi. Aláìsàn kọ́ ló máa sanwó ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Salford
Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé sà. Màmá mi ní Oldham náà ń mu àgbo, mi ò sì rò pé GP wọn mọ̀. Mò ń pè wọ́n lálẹ́ yìí.