Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: èmi àti Màámi fẹ́ rìn yípo adágún kan lábẹ́ òkè, a kò rin irú rẹ̀ rí

Abẹ̀rẹ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi, ìyá mi tó ti lé ní ẹni 60 ọdún, àti ọmọkùnrin mi ọmọ ọdún 8 fẹ́ lọ rìn létí adágún kan ní ẹsẹ̀ òkè. Ibẹ̀ kò ga púpọ̀, nǹkan bíi 900 mítà ni. Ọ̀nà tó yí adágún náà po jẹ́ kìlómítà 7, gbogbo ibi tí a máa gùn lójú ọ̀nà kò sì ju 150 mítà lọ lápapọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí ara pátákó ẹnu ọ̀nà pé ó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Orúnkún máa ń ro Màámi tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Èmi náà, orí ìjókòó ni iṣẹ́ mi wà láti àárọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dárúkọ ìrìn yìí ni Màámi ti ń fi ìrọ̀lẹ́ rìn ká àdúgbò láti fi múra sílẹ̀, n kò sì fẹ́ já wọn kulẹ̀. Wákàtí mélòó ni kí n pè é? Ṣé kánfáàsì tó, àbí dandan ni ká ra bàtà òkè? Kí ni ká gbé dání? Ẹ ṣeun o.

Arìnnà
Ẹ kú ìmúra, ẹ bá wa kí Màámi. Ti wákàtí ni kí n dáhùn. Ará Scotland kan, William Naismith, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ lọ́dún 1892 tí àwọn tó ń rin òkè ṣì ń lò títí dòní: ka wákàtí 1 fún kìlómítà 5, kí o wá fi wákàtí 1 kún un fún gbogbo 600 mítà tí o bá gùn. Ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá, tí kì í dúró sinmi, ni ìṣirò yẹn bá mu. Pẹ̀lú àgbà àti ọmọdé, ẹ ka kìlómítà 3 sí wákàtí kan. Kìlómítà 7 á gbà yín ní wákàtí 2 àti ogún ìṣẹ́jú, gígùn òkè á fi bíi ìṣẹ́jú 15 kún un. Sinmi díẹ̀, ya fọ́tò, dúró de ọmọ tó fẹ́ máa ju òkúta sínú omi, ìyẹn náà á tó wákàtí kan. Ẹ pè é ní wákàtí 3 àti ààbọ̀, kí ẹ sì jáde ní kùtùkùtù.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀rọ̀ bàtà ni tèmi, torí bàtà ló ba ìrìn àkọ́kọ́ mi jẹ́. Mo ra bàtà òkè tuntun, n kò wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré nínú ilé, àárọ̀ ọjọ́ ìrìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kì í bọ ẹsẹ̀. A kò tíì rin kìlómítà 2 tí gìgísẹ̀ mi ti ń gbóná. Mo gbé e mọ́ra, n kò fẹ́ dá àwọn yòókù dúró. Ìgbà tí mo máa fi bọ́ ìbọ̀sẹ̀, awọ ibẹ̀ ti wú sókè, omi ti kún un, ìbọ̀sẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Bí mo ṣe ń fà á ni awọ ń bá a lọ. Ìlàjì ọ̀nà tó kù, orí ìka ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín.

Gbígbóná yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ẹnì kan nínú yín bá ti ní ibì kan ń gbóná lẹ́sẹ̀ òun, ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ dúró. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dà nù, ẹ nu ẹsẹ̀ kó gbẹ, kí ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú 5 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ bi ọmọ yẹn léèrè lọ́pọ̀ ìgbà, torí ọmọdé kì í sọ àfi tó bá ti ń sunkún.

Fún irú ọ̀nà tí ẹ ṣàpèjúwe yìí, kánfáàsì tó ti mọ ẹsẹ̀ yín lára sàn ju bàtà òkè tuntun lọ. Ẹ ṣáà yí i dojú dé kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀: tó bá ti jẹ tán, tó ń dán bíi àwo, ẹ fi sílé, òkúta etí omi á yọ̀ yín ṣubú. Ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ló dára. Ti òwú máa ń mu òógùn ara sínú ni, kì í sì í tètè gbẹ.

Ẹlẹ́sẹ̀ Fúyẹ́
Ẹ má fòyà rárá. Mo bá ọmọ ọdún 6 rin yípo Eibsee, adágún tó wà lábẹ́ Zugspitze, òkè tó ga jù lọ ní Jámánì. Kìlómítà 7 àti ààbọ̀ lòun náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiyín dọ́gba ní gíga. Ọ̀nà ibẹ̀ dára, èèyàn sì pọ̀ lójú rẹ̀. Wákàtí 2 àti ààbọ̀ la fi parí rẹ̀. Ẹ yí i po tán ni tèmi, adùn rẹ̀ ni kí èèyàn rí òkè yẹn láti gbogbo ìhà.

Ẹ̀gbọ́n Olókè
Àbúrò, mo gbọ́ ohun tí Ẹlẹ́sẹ̀ Fúyẹ́ sọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ èyí tójú mi rí.

Mo kó èèyàn mẹ́ta lọ sí etí adágún kan bẹ́ẹ̀, kìlómítà 9 yípo. Ní kùtù, a kọjá odò kékeré kan tó ń ṣàn wọ inú adágún, a tẹ òkúta méje lé ara wọn kọjá, bàtà wa kò tutù. A rìn dé nǹkan bíi kìlómítà 6 ká tó bá ibi tí òkè ti ya lulẹ̀ dí ojú ọ̀nà. Àpáta ni, pẹ̀lú igi tó wó lé e lórí, kò sí ibi téèyàn lè gbà. Bí a ṣe di ẹni tó ń padà sẹ́yìn nìyẹn. Nígbà tí a fi máa dé odò kékeré yẹn, ọ̀sán ti pọ́n. Oòrùn ti yọ́ yìnyín orí òkè láti àárọ̀, omi ti kún. Nínú òkúta méje, méjì péré ló ṣì yọrí. A di ara wa mú, omi tó tutù bí yìnyín yẹn sì mù wá dé orúnkún. Lẹ́yìn ìyẹn ni oòrùn wọ ẹ̀yìn òkè. Aago ní ó ku wákàtí kan àti ààbọ̀ kí ilẹ̀ ṣú, àmọ́ ní ẹsẹ̀ òkè, òjìji ti bò wá, òtútù sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan nínú wa ń gbọ̀n débi pé kò lè so okùn bàtà rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé adágún máa ń tan ojú jẹ. Èèyàn á dúró létí rẹ̀, á rí ibi ìgbọ́kọ̀sí ní òdìkejì, á ní “ibẹ̀ nìyẹn”, kó tó mọ̀ pé kìlómítà 4 ló ṣì máa yí kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá ń yípo, tó bá ti kọjá ìlàjì, bó padà sẹ́yìn, ó jìnnà. Bó tẹ̀ síwájú, kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀nà tí ẹ bá gbà lọ ni kí ẹ gbà bọ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ ti mú aago tí ẹ máa yíjú padà, kí ẹ sọ ọ́ fún Màámi, kí ẹ sọ ọ́ fún ọmọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó wà nílé. Bí aago yẹn bá lù, kódà kí ibi tí ẹ ń lọ ku ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, ẹ yíjú padà. Bí ẹ bá dúró débi pé ó di ìgbà tó rẹ̀ yín kí ẹ tó padà, ọ̀nà àbọ̀ ṣì wà níwájú.

Nọ́ọ̀sì
Mo fara mọ́ ti Ẹ̀gbọ́n. Orúnkún kì í sábà sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń gùn, ìgbà tí a bá ń sọ̀ ni. Ẹ wá ọ̀pá méjì fún Màámi, kí wọ́n jẹ́ kó gùn díẹ̀ sí i tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fi í tilẹ̀ ṣáájú ẹsẹ̀, kí ìṣísẹ̀ sì kúrú. Tí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ọkàn, ẹ fi tó dókítà wọn létí ṣáájú, kí oògùn náà sì wà nínú báàgì tí ẹ gbé kọ́yìn, kó má ṣe wà nínú ọkọ̀.

Àìsàn tí gíga òkè máa ń fà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ àfi lókè 2,500 mítà, ẹ yọ ìyẹn kúrò lọ́kàn. Ohun tí ẹ máa fi díwọ̀n ìrìn ni ọ̀rọ̀ ẹnu: tí Màámi bá lè sọ̀rọ̀ dé òpin láìmí gúlegúle, ìrìn yín dára. Tí wọ́n bá ti ń gé e sí méjì, ẹ dẹ̀ ẹ́.

Omi mímu, ìdajì lítà fún wákàtí kan fún àgbàlagbà, kí ẹ gbé e láti ilé. Omi adágún lè mọ́ gaara kí kòkòrò àìfojúrí wà nínú rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀wù òjò àti ẹ̀wù ọ̀tútù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kí oòrùn ràn tó láàárọ̀.

Abẹ̀rẹ̀
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n, mo ka ìtàn odò yẹn sétí Màámi, wọ́n ní ká gbọ́ràn. Ọmọ mi ti ń bèèrè bóyá òun lè wọ inú omi. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ̀gbọ́n Olókè
Sọ fún un pé rárá. Omi tó ti orí yìnyín ṣàn wá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ló ń tutù. Ẹni tó bá bọ́ sínú rẹ̀ lójijì á mí kánkán láìfẹ́, omi á gba ẹnu wọlé kó tó rántí pé òun mọ lúwẹ̀ẹ́. Ìwọ ni kí o máa rìn ní ìhà omi, kí ọmọ wà ní ìhà òkè. Ṣọ́ra fún òkúta tí ewédò bò.

Arìnnà
Ẹ fi fèrè kan kọ́ ọmọ náà lọ́rùn. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì, ìgbà 6 láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń fọn ọ́ ní àwọn òkè Yúróòpù, kí a sinmi ìṣẹ́jú kan, kí a tún fọn ọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà 3 ni. Tí ẹ bá sì gbọ́ àrá, ẹ fi etí omi sílẹ̀, ẹ má sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo, kí ẹ dúró títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn.

Abẹ̀rẹ̀
Ohun tí a fẹnu kò sí rèé. A máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 8 àárọ̀. A máa rìn dé afárá onígi tó wà ní kìlómítà 3, ká jókòó níbẹ̀, ká padà. Aago 10 àbọ̀ la máa yíjú padà, bá a dé afárá, bá ò dé ibẹ̀. Màámi ti kọ ọ́ sí ara ìwé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Kánfáàsì tí wọ́n fi ń rìn nírọ̀lẹ́ ni wọ́n máa wọ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ gbogbo yín lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kó tó di Sátidé kò ní máa ta yín mọ́. Tí ẹ bá dé ibi tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún okùn bàtà so, kó le níbi ọrùn ẹsẹ̀, kí ìka má baà máa gbá iwájú bàtà. Ẹ fi fọ́tò afárá yẹn ránṣẹ́ sí wa.