Àpá, ọgbẹ́ tàbí egbò: kí la ó máa pe PTSD eléré ìdárayá?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Nínú ìjíròrò wa, orúkọ Yorùbá méjì la ti gbé kalẹ̀ fún PTSD (post-traumatic stress disorder, àìsàn ọpọlọ tí ìjàǹbá tó bani lẹ́rù máa ń fà) tó máa ń ṣe àwọn eléré ìdárayá kan lẹ́yìn tí wọ́n bá fara pa gan-an: "másùnmáwo ẹ̀yìn ìfarapa" àti "àpá ọkàn". Mi ò fara mọ́ ìkankan.

Másùnmáwo ti níṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, tí gbèsè ò jẹ́ kó sùn, òun ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó ń gbọ́ ìró eegun tó kán lójú oorun, tí fèrè rẹfirí lásán ń já láyà, tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kó má baà rí pápá tó ti ṣubú, ìsinmi kọ́ ni oògùn tirẹ̀.

"Àpá" ló burú jù, bó tilẹ̀ dùn létí. Àpá kì í sábà dunni. Ohun tó ti jinná là ń pè bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, fún ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe, ìjàǹbá náà ò tíì di àná. Ẹ rántí Monica Seles, eléré tẹníìsì tí ọkùnrin kan gún lọ́bẹ lẹ́yìn lórí pápá ní Hamburg, nílẹ̀ Jámánì, lóṣù kẹrin ọdún 1993. Ojú ibi tí ọ̀bẹ wọ̀ jinná láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, síbẹ̀ ó lé lọ́dún méjì kó tó padà sí ìdíje.

Egbò lèmi mú. Ọgbẹ́ ni tuntun, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde. Bó bá pẹ́ tí ò san, ó di egbò. Àwọn oníṣègùn náà ń ka ọjọ́: kí oṣù kan tó pé, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é, ó dìgbà tó bá lé lóṣù kan kó tó di PTSD. Nítorí náà, "ọgbẹ́ ìpayà" fún ti àkọ́kọ́, "egbò ìpayà" fún èkejì. (Mo yẹra fún "ọkàn" kí ẹnì kan má baà sáré lọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò.)

Àwọn kan tún ní ká kúkú pè é ní ìbẹ̀rù, torí ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Òtítọ́ ni, àmọ́ sísá fún ekòló kì í ṣe àìsàn. Agbábọ́ọ̀lù tí ò tíì gbẹ́kẹ̀ lé orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ìfòyà lásán lè ni.

Àléébù egbò ò fara sin: ó ń rùn. Eléré wo ló fẹ́ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá gbọ́ pé òun ní egbò? Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sọ pé kò tíì jinná, tí ò sì rùn, kó mú un wá. Mà á ju tèmi nù.