"Online" yìí kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú làákàyè. Níbi tí a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún ọ̀rọ̀ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ọ̀gá wa kan dábàá "ìlànà ìṣirò orí ayélujára" fún "online algorithm" ("algorithm" ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti ṣe iṣẹ́ kan). Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi sọ pé n kò fara mọ́ ọn. "Online" tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń wí níbí kò kan íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ohun tí a fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì gbọ́dọ̀ pinnu lórí èyí tó dé kí a tó rí èyí tó ń bọ̀.

Àǹtí mi kan ṣiṣẹ́ alásè níbí ní Òṣogbo. Ó ń háyà ìkòkò ńlá ní ₦3,000 lóde kan; ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò san ₦30,000. Kò mọ iye òde tó máa wá. Tíọ́rì ní kó háyà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, kó rà á ní ìgbà kẹwàá. Bí ìkẹwàá bá lọ jẹ́ òde ìkẹyìn, ₦57,000 ló ná, ẹni tó mọ̀la ì bá ná ₦30,000. Kò ní tó ìlọ́po méjì láé. Ṣùgbọ́n mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí epo pupa ti rin etí rẹ̀, mo kà á: òde méje péré, kó tó lọ máa ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba. ₦21,000. Ẹni tó mọ̀la ò lè ná kéré sí i.

Ìrántí kọ̀ǹpútà náà ńkọ́? Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, Sleator àti Tarjan, fi hàn ní 1985 pé bí ààyè ojú-ewé 100 bá wà nínú rẹ̀ (ojú-ewé ni ègé ìsọfúnni kan), ìlànà tó ń lé ojú-ewé tí wọ́n ti pa tì pẹ́ jù jáde lè kùnà, ìyẹn kí ojú-ewé tí a nílò má sí níbẹ̀, dé ìlọ́po 100 ti ẹni tó mọ̀la. Ẹ gbé iṣẹ́ gidi fún un, kì í sábà sún mọ́ ọn, torí ohun tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ló tún máa ń padà sí.

Nítorí náà, "ìlànà aláìmọ̀la" ni mo mú wá, "ìlànà amọ̀la" sì ni ìkejì rẹ̀. Ẹnì kan ní èébú ni "aláìmọ̀la". Èébú kẹ̀? Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.

  

Orúkọ ìlọ́po yẹn ló kù, ìyẹn "competitive ratio": ìlọ́po tí ìnáwó aláìmọ̀la lè fi ju ti amọ̀la lọ. "Ìwọ̀n ìfagagbága" tí ẹ mú wá kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn: àǹtí mi ò bá ẹnikẹ́ni figagbága.