Bí èèyàn ṣe ń mọ rírì àdúgbò tó ń gbé

Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ará. Ìrìn ìṣẹ́jú 15 láti ẹnu ọ̀nà ilé máa ń tó kìlómítà kan ó lé díẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ọ̀nà kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ máa gbà á ní àsìkò kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tí àsìkò bá ń yí padà, ojú àjèjì lẹ ó máa bá pàdé, kò sì sẹ́ni tó máa dá yín mọ̀. Robert Zajonc, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, fi hàn ní 1968 pé ohun tí ojú bá ń rí léraléra ni ọkàn máa ń fà sí. Kí fóònù wà nínú àpò o. Ẹni tó fi orin dí etí kì í gbọ́ ẹni tó ń kí i.

—

Ẹ kú àlàyé. Kí ìrìn náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fọwọ́ ya àdúgbò yín sórí ìwé láì wo máàpù kankan: ibi tí àgbàrá ń gbà, ibi tí òjìji wà lọ́sàn-án, ilé ẹni tó ní àkàbà. Ibi tó bá ṣófo lórí ìwé lẹ máa gbà lọ́sẹ̀ karùn-ún.

—

Ti aládùúgbò ló ká mi lára jù. Ní 1950, Leon Festinger, tóun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí jáde nípa ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí ilẹ̀kùn wọn súnmọ́ra ló ń bára wọn ṣọ̀rẹ́ jù, àwọn tó sì wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn nísàlẹ̀ ní ọ̀rẹ́ lókè ju àwọn yòókù lọ. Torí náà, ibi tí èèyàn ń gbà kọjá ni kẹ́ ẹ jókòó sí, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Ẹ béèrè orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi pè é kẹ́ ẹ tó pínyà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà á dàrú mọ́ yín lórí. Ẹ tọrọ nǹkan kékeré lò, bí òòlù, kẹ́ ẹ sì dá a padà láàárín ọjọ́ méjì, ní mímọ́. Ìdápadà yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ kejì.

—

Ohun tó ń ba àárín èèyàn àti àdúgbò rẹ̀ jẹ́: kéèyàn máa fi ibi tó ti kó wá díwọ̀n gbogbo nǹkan, tàbí kó fi ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ nípàdé àdúgbò àkọ́kọ́ tó lọ. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ti mọ gọ́tà tó dí. Ohun tí wọn ò tíì mọ̀ ni bóyá ẹ máa dúró tì wọ́n. Iṣẹ́ àdúgbò kan ni kẹ́ ẹ gbà, wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó gba mẹ́rin máa ń pòórá lóṣù kejì. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ gọ́tà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ṣáájú òjò àti lẹ́yìn òjò, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí aládùúgbò méjì sì bá yín gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó kàn.