Abdulmari Imao: báwo ni wọ́n ṣe ń fi idẹ da ẹyẹ sarimanok, kí sì ni a fi ń dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀?

Ọ̀ṣọ́_Igi:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣọ̀nà. Ìwé kékeré kan ni mo ń kó jọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lórí iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Fílípínì, Abdulmari Imao sì ni mo fẹ́ fi ṣe orí kan nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ fún kíkà, ohun kan náà ni wọ́n ń tún sọ: ó ya àwòrán, ó ṣe ère, wọ́n fi oyè dá a lọ́lá. Ìyẹn kò lè kọ́ ọmọ ní nǹkan kan.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó pọ̀ lọ súà, èwo ni kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń fi idẹ da sarimanok, ẹyẹ inú ìtàn àwọn Maranao ní gúúsù Fílípínì, tí ìrù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ tí kì í kán? Ẹ̀kẹta: ẹnì kan fẹ́ yá wa ní ẹyẹ idẹ kan fún àfihàn. Ó ní Imao ló ṣe é, pé láti Manila ni ó ti wá, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ká wò?

Àtàrí_Ère:
Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí oyè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ukkil.

Ukkil ni ọnà gbígbẹ́ àwọn Tausug àti àwọn Sama ní erékùṣù Sulu. Àwọn Maranao ní ẹ̀gbẹ́ adágún Lanao ń pe tiwọn ní okir. Ara pákó ilé, ara ọkọ̀ ojú omi àti ara igi ojú oórì ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó fi ìka tọ ìlà kan: ìlà náà máa ń fẹ̀ láàárín, á tín-ín-rín bọ̀ dé ṣóńṣó, lára rẹ̀ ni òmíràn á sì ti yọ kó tó tán. Ó rí bí ìtàkùn tàbí ewé ọ̀mù tó ń yọ. Kò síbi tí ìlà ti dúró gbagidi kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Nínú irú ọnà yìí, ẹranko fẹ́rẹ̀ẹ́ di ewé tán: naga jẹ́ ejò, ṣùgbọ́n ìtàkùn lẹ ó kọ́kọ́ rí, sarimanok jẹ́ ẹyẹ tó gbé ẹja sẹ́nu tàbí tó fi èékánná di ẹja mú, ṣùgbọ́n ìyẹ́ àti ìrù rẹ̀, ukkil ni látòkè délẹ̀.

Ọmọ Tausug ni Imao. Siasi ní Sulu ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní 1936. Nígbà tó dé Yunifásítì ti Fílípínì, Guillermo Tolentino àti Napoleon Abueva wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Ibí yìí ni mo rò pé ó yẹ kí ìwé yín dúró sí díẹ̀. Tolentino ni ó ṣe ère ńlá Bonifacio ní Caloocan, èyí tí wọ́n ṣí ní 1933: ara ènìyàn pípé, iṣan, aṣọ tó ń ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Abueva ní tirẹ̀ ti ya kúrò ní ọ̀nà yẹn, ìrísí tí wọ́n gé kúrú, tí wọ́n dín kù, ni tirẹ̀. Ọ̀dọ́ àwọn méjèèjì ni ọmọ tó ti mọ ukkil láti ilé lọ kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà fún oyè gíga nínú ère ṣíṣe, ó sì tún kọ́ fíìmù ní Columbia. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi ní ọ̀nà púpọ̀: ère idẹ, àwòrán ọ̀dà, amọ̀, fọ́tò, fíìmù, àti ìwádìí lórí àṣà àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ rẹ̀.

Èyí tí mo máa fi han ọmọ ni Àwọn Jagunjagun Sulu, ère Panglima Unaid àti ti Captain Abdurahim Imao, ẹsẹ̀ bàtà 6, ní ilé ìjọba ìpínlẹ̀ Sulu. Ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ idẹ ara ògiri tó ṣe fún Philippine National Bank ní San Fernando, La Union, àti èyí tó ṣe fún Báǹkì Àpapọ̀ ní ìlú kan náà. Ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ fún wọn: Sulu wà ní ìpẹ̀kun gúúsù, La Union wà ní àríwá Luzon. Ọmọ Mùsùlùmí láti gúúsù ni báǹkì ní kó wá ṣe ògiri ní ìlú tí Kátólíìkì pọ̀ sí jù. Gbọ̀ngàn ìlú Manila náà ní tirẹ̀, iṣẹ́ ara ògiri lórí fíìmù ṣíṣe.

Oyè náà kò ju gbólóhùn kan lọ: ní 2006 ó di Oníṣẹ́-ọnà Orílẹ̀-èdè, Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ó kú ní oṣù Kejìlá 2014.

IdẹTútù:
Ìbéèrè kejì ni tèmi. Ìda ni ère gan-an, idẹ kàn wá gba ààyè rẹ̀ ni. Àṣìṣe tó bá wà lára ìda, ẹ ó bá a lára idẹ.

Ìda oyin nìkan máa ń rọ̀ jù níbi tí oòrùn ti mú. Ẹ yọ́ ọ pọ̀ mọ́ ìda àbẹ́là, ìdajì sí ìdajì. Bó bá ń sán nígbà tí ẹ ń ká a fún ìrù, ẹ fi ìda oyin kún un. Bó bá ń dà wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ fi ti àbẹ́là kún un. Ara ẹyẹ kò gbọdọ̀ kún dí o. Amọ̀ lẹ ó kọ́kọ́ mọ sínú, ẹ ó wá fi ìda bò ó, kó nípọn tó mìlímítà 4 sí 5. Ibi tó bá nípọn ju èyí lọ máa ń pẹ́ kó tó tutù, ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ á ti le ṣáájú, idẹ á fà sẹ́yìn, á sì dá kòtò tàbí kó ya. Oríkèé ìrù àti ara ló ti máa ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ gún ìṣó irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún gba ara ìda wọ inú amọ̀, kí ìdajì ìṣó kọ̀ọ̀kan yọ síta. Nígbà tí ìda bá yọ́ tán, ìṣó wọ̀nyí nìkan ló ń di amọ̀ inú mú. Àìsí wọn ló ń fa ẹyẹ tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ lu, tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì wúwo.

Ìrù wàyí. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan tó bá kọjú sókè nínú mọ́ọ̀dù (amọ̀ tí a fi bo ìda, tí a ó da idẹ sí) máa ń há afẹ́fẹ́ mọ́, idẹ kò sì ní débẹ̀. Ẹ lẹ ọ̀pá ìda tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, kó jáde dé òkè mọ́ọ̀dù. Ọ̀nà tí idẹ máa gbà wọlé gbọ́dọ̀ nípọn ju ìrù lọ. Ibi tí ukkil ti bá idẹ mu nìyí: níbi tí ìlà méjì bá ti pàdé, ẹ jẹ́ kí wọ́n kanra ní tòótọ́. Ibi ìkanra yẹn ni idẹ ń gbà kọjá láti ìlà kan sí èkejì, òun náà ló sì ń gbé ìrù dúró lẹ́yìn náà. Ayàwòrán tó bá ya ìrù tí ìlà rẹ̀ kò kanra, ó ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tó máa da idẹ.

Ìbòrí àkọ́kọ́ ni amọ̀ kíkúnná tí a pò mọ́ èédú lílọ̀, ẹ pò ó kó ṣàn bí ọ̀dà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ lábẹ́ òjìji. Oòrùn ń mú ìda wú, á sì la amọ̀. Lẹ́yìn náà ni amọ̀ líle tí a pò mọ́ yanrìn àti èèpo ìrẹsì, ìka méjì nípọn. Ẹ kọ́kọ́ fi iná díẹ̀díẹ̀ dà ìda jáde, kí ẹ tó fi kún iná dé bí 650 °C, títí ẹnu ọ̀nà idẹ kò fi ní dúdú mọ́. Tó bá jẹ́ P.O.P (plaster of Paris) lẹ lò dípò amọ̀, ẹ má kọjá 700 °C, nítorí á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, èéfín ìmí-ọjọ́ rẹ̀ á sì sọ ojú idẹ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ.

Ìwọ̀n idẹ: ẹ wọn ìda tòun ti ọ̀pá rẹ̀, ẹ fi 9 ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, ẹ fi bí ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀ kún un fún ẹnu mọ́ọ̀dù. Ìda gíráàmù 400 á gba idẹ kílò 3.6, nítorí náà ẹ yọ́ kílò 4.2. Kò sí àyè láti lọ yọ́ sí i láàárín kan.

Bàbà 70, síǹkì 30 ni idẹ tó wọ́pọ̀. Síǹkì ń hó ní 907 °C, idẹ fúnra rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó yọ́, nítorí náà síǹkì ń fò lọ ní gbogbo ìgbà. Tó bá jẹ́ pé bàbà lẹ fi bẹ̀rẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ́, kí síǹkì wọlé gbẹ̀yìn, kí ẹ sì fi èédú àti bórásì bo ojú rẹ̀. Síǹkì tó ń fò lọ ń di èéfín funfun, èéfín yẹn ń fa ibà lóru ọjọ́ yẹn, ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ẹ lọ. Ẹ dà á ní bí 1050 °C sínú mọ́ọ̀dù tó ṣì gbóná. Tó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní dé ìdí ìrù. Tó bá gbóná jù, síǹkì á fò lọ, ojú á lu wẹ́wẹ́, àwọ̀ á sì pọ́n. Mọ́ọ̀dù tó bá tutù lọ́rinrin á tu idẹ yíyọ́ padà sójú ẹni, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Alákòóso_Àkójọ:
Lórí ẹyẹ tí wọ́n fẹ́ yá yín: sarimanok fúnra rẹ̀ kò jẹ́rìí ohunkóhun. Ohun ìní àwọn Maranao ni, Imao ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀. Tugaya ní Lanao del Sur, ìlú àwọn tó ń da idẹ, ń ta irú rẹ̀, ọjà Manila sì kún fún un.

Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wo abẹ́ àti ẹ̀yìn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí gbogbo ara ká láìdáwọ́ dúró jẹ́ àmì pé inú àpótí yanrìn alápá méjì ni wọ́n ti dà á, ìyẹn iṣẹ́ ọjà tí wọ́n ń dà lọ́pọ̀. Ẹ wo ìfọwọ́sí: tí wọ́n bá kọ ọ́ sí ìda, etí lẹ́tà máa ń rọ̀, ó sì ga díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n bá fi irin gbẹ́ ẹ lẹ́yìn náà, etí rẹ̀ mú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń dán. Kò sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kẹ́ ẹ bi í léèrè.

Tí ẹ bá rí ẹ̀dà kan tí ìwé àfihàn ti kọ gígùn rẹ̀, ẹ wọn tiyín. Idẹ ń sún kì bí ìdá 1.5 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó bá ń tutù. Ẹ̀dà tí wọ́n fi ère tòótọ́ ṣe mọ́ọ̀dù fún á kéré sí i: sẹ̀ǹtímítà 50 á di 49 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ọnà wẹ́wẹ́ rẹ̀ á sì ti rọ̀. Ẹ̀yìn èyí ni kẹ́ ẹ wá wo ìlà tí Àtàrí_Ère sọ. Iṣẹ́ ọjà máa ń gé ìlà láàárín, á kàn fi ìyípo kún àyè.

Ti ìwé tí kò sí, mi ò ní gbé e sórí pèpéle bẹ́ẹ̀. Òfin RA 10066, òfin Fílípínì lórí ohun ìní àṣà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2010, ka iṣẹ́ Oníṣẹ́-ọnà Orílẹ̀-èdè mọ́ ohun ìní àṣà pàtàkì, kò sì gbọdọ̀ jáde ní Fílípínì láìgba ìwé àṣẹ. Tó bá jẹ́ ti Imao lóòótọ́, tó sì jáde lẹ́yìn òfin yìí, ẹ béèrè ìwé àṣẹ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Orílẹ̀-èdè. Bí onítọ̀hún bá ní kì í ṣe dandan, ẹ kọ “a kò mọ ẹni tó ṣe é” sára káàdì rẹ̀.

Ìwé yín náà ńkọ́? Òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ ibẹ̀ ń ka ọjọ́ ayé ẹni àti 50 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nítorí náà títí 2064 yóò fi parí, àwọn àrólé ló ni àṣẹ. Ẹ kọ̀wé sí wọn kẹ́ ẹ tó tẹ fọ́tò.

Ọ̀ṣọ́_Igi:
Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù: oníǹkan ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ ẹyẹ náà kó lè dán, àwọn àmì pupa rẹ́súrẹ́sú kan sì yọ sí ìdí ìrù. Ṣé ìpata ni?

Alákòóso_Àkójọ:
Síǹkì ló ti jáde kúrò níbẹ̀, bàbà ló ṣẹ́ kù tó ń pọ́n un. Omi kíkan àti iyọ̀ ló ń fà á, ibẹ̀ á sì ti fúyẹ́, á máa fọ́. Ẹ ní kó má fọ̀ ọ́ mọ́. Omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣan án, ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa títí dé inú ihò ìlà, kẹ́ ẹ wá fi ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún.

IdẹTútù:
Ẹ má sì fi ìrù gbé e o. Ibi pupa yẹn kò lágbára mọ́. Abẹ́ àyà ni kẹ́ ẹ fọwọ́ sí.