Orúkọ wo ló yẹ álímánáàkì yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bàbá mi fi ìwé kan tó fọwọ́ kọ sílẹ̀ fún wa: ọjọ́ ọjà, ìgbà òjò, ọjọ́ Awo, Ògún, Jàkúta àti Ọbàtálá, pẹ̀lú òwe àti oríkì ilé wa. Ó wù mí kí n máa tẹ irú rẹ̀ jáde lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí álímánáàkì. Àwọn kan ní kí n pè é ní Kọ́jọ́dá, ṣùgbọ́n kíka ọjọ́ nìkan ni mo gbọ́ nínú ìyẹn. "Àkójọpọ̀" ńkọ́? Ewì, òwe, ìtàn, gbogbo wọn la ń pè bẹ́ẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè, tí Àjàyí Crowther ti tẹ irú rẹ̀ jáde ní 1843, ní orúkọ tirẹ̀ tó ṣe kedere; irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá fún álímánáàkì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe álímánáàkì ládùúgbò yín?